Ta Ni Yóò Wẹ Awẹ̀kú?

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kí Àlàásàrì tán tí ẹ kò tíì fẹ́ relé, ẹ bọ́ sábẹ́ igi yìí kí ẹ yá mi létí. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Tìjání, ti fóònù yẹn sápò. Ẹni tó bá ń wo fóònù nígbà tí àgbà ọdẹ ń sọ̀rọ̀, bí ẹkùn bá gbé e, kó má ké pè mí o. Èmi Àlíù tí ẹ ń wò lórí àpótí yìí, tí ẹ rò pé kò sí ohun tí mo mọ̀ ju kí n máa jẹ obì lọ, mo ti bá erin pàdé lójú ọ̀nà tóóró kan rí, erin ló yà fún mi. Ẹni tí kò bá gbà gbọ́, kó lọ bi erin.

Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti Bádírù ọmọ Ràlíátù ni, ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ ọdẹ, ẹni tó jẹ́ pé bó bá wúkọ́ létí igbó, ìgalà á ti máa dágbére fún ọmọ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Bí mo bá fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ bá mi jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, ta ni yóò jẹ ẹ́?

Ní ọdún tí àrùn káyé, tí ìyàwó ń ti inú ìbomú bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n ti mọ́ṣáláṣí Òkè-Ìyeyè pa. Kò sí Jímọ̀, kò sí àsàlátù, aláǹgbá ni Ládàánì ń pe ìrun fún. Nígbà tí àrùn náà lọ tán tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ara àwọn ènìyàn wọlé, ọkàn wọn kò bá ara wọlé. Àlàfo tí wọ́n fi sáàárín èjìká sí èjìká nígbà àrùn, wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́ lè gba àárín wọn kọjá nígbà tí ìrun ń lọ lọ́wọ́, ewúrẹ́ náà sì ń kọjá. Lèmọ́ọ̀mù Yésúfù á ní, "Ẹ sún mọ́ra, ẹ má fi àyè sílẹ̀ fún Ṣàítánì." Wọn á dáhùn pé, "Àmín!" Wọn á sì dúró sójú kan. Ẹ wo àwọn ènìyàn yìí, ta ló ń ṣe àmín sí àṣẹ?

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni ti òkú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Mùsùlùmí kì í wọ sàréè láìwẹ̀. Ọkùnrin ní ń wẹ ọkùnrin, obìnrin ní ń wẹ obìnrin. Ràlíátù ìyá Bádírù ni olórí àwọn obìnrin awẹ̀kú ní Òkè-Ìyeyè láti ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà àrùn, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera aláṣọ funfun ló ń di òkú sínú ọ̀rá, ẹbí á dúró lẹ́yìn okùn. Àrùn mú àwọn kan nínú ẹgbẹ́ Ràlíátù, ọjọ́ orí mú àwọn yòókù, ó wá ku òun nìkan. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin kò kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀rù òkú ti wọ̀ wọ́n léegun. Àrùn ti lọ o, ṣùgbọ́n bí obìnrin kan bá kú tí Ràlíátù kò lè dìde, erùpẹ̀ ni wọ́n ń fi pa á lára lórí aṣọ dípò omi, wọn á sì yára gbé e sin bí ẹni tó ń sin ẹrù olè.

Àìsàn wá dá Ràlíátù fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀.

"Bádírù, mo ti wẹ ìlú yìí tán. Ta ni yóò wẹ̀ mí?"

Ọmọ ọkùnrin kò lè wẹ ìyá rẹ̀. Ẹni tó ti bá ìnàkí wọ̀jàkadì, ọ̀rọ̀ yìí ló gbé e ṣubú. Ó lọ bẹ àwọn obìnrin àdúgbò. Ọ̀kan ní ẹ̀yìn ń dun òun, ọ̀kan ní ọkọ òun kò ní gbà, ọ̀kan rí i lókèèrè ó ti ilẹ̀kùn. Ìyàwó rẹ̀ Sùwébátù ńkọ́? Láti ọdún àrùn, Sùwébátù kì í fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ìdí garawa ló máa ń wà, tí ó ń fọ ọwọ́ títí awọ fi ń bó. Ẹnu ọ̀nà ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ sí, kì í wọlé. Nítorí náà Bádírù kò bi í. Mo bi Bádírù pé kí ló dé, ó ní òun rò pé òun ti mọ ìdáhùn. Ọdẹ sì ni; ohunkóhun tó bá sọnù lọ́wọ́ ọdẹ, igbó ló máa ń wá a lọ.

Ó tọ Lèmọ́ọ̀mù lọ. Lèmọ́ọ̀mù ronú, ó ní, "Àwọn àgbà sọ pé lẹ́yìn Igbó Ìjìnnà, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Ìlú Ọ̀la, níbi tí àwọn Mùsùlùmí tí a kò tíì bí ń gbé. Bí awẹ̀kú bá ṣì máa wà nínú wa, ibẹ̀ ló máa wà. Lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yá wa lẹ́nì kan."

Bádírù gbé ìbọn, ó gbé bùtá àlùwàlá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìyá ní, "Bí o bá pẹ́, n kò ní dúró dè ọ́ o." Ó jáde pẹ̀lú omijé.

Ẹ má bi mí bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó. Igbó Ìjìnnà kì í ṣe igbó tí à ń fẹsẹ̀ wọ̀n. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí ó ń gbọ́ ohùn àwọn ará ilé lọ́nà jíjìn. Igi kan kì í fọwọ́ kan igi kejì níbẹ̀. Ewé tó bá já kì í bọ́ lórí ewé. Ẹyẹ méjì kì í bà sórí ẹ̀ka kan. Bí ọ̀kan bá fẹ́ kọrin, èkejì á kọ́kọ́ fò lọ. Òjìji Bádírù pàápàá yà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń dá rìn lábẹ́ igi bí ẹni tí wọ́n bá jà. Nígbà tí Bádírù ṣe "Bísímílááì," ohùn náà jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rọra lọ síwájú, ó lọ jókòó sórí òkúta kan, ó ń dúró dè é.

Ta ló tún wà lórí òkúta náà? Àlùjànnú kan ni, onímú méje, ó sì fi ìbomú bo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá fẹ́ sín, yóò tú méjèèje, yóò sín, yóò tún so wọ́n padà, kó tó so ti ìkẹyìn tán òmíràn á ti dé.

"Dúró níbẹ̀ yẹn!" àlùjànnú ní. "Ṣé o ti fọwọ́?"

Bádírù gbé ìbọn sókè. "Èmi ni Bádírù ọmọ Ràlíátù! Igbó tí bàbá rẹ ń sá fún, ibẹ̀ ni mo ti ń sun oorun ọ̀sán. Yà lọ́nà kí n tó sọ imú méje di mẹ́fà!"

"Mo gbọ́. Ṣé o ti fọwọ́ ni mo bi ọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí mú Bádírù rọ̀. Ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó fi omi bùtá fọwọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, bí ẹ bá rí imú kan ṣoṣo nínú méje yẹn, ilé ni ẹ máa bá ẹsẹ̀ yín.

"Ó dáa," àlùjànnú ní. "Gbọ́ àlọ́ mi. Bí o kò bá rí i já, wàá jókòó sórí òkúta kejì yẹn, a ó jọ máa wo ara wa lókèèrè títí ayé. Iṣẹ́ kan wà: ọba kò lè ṣe é fún ara rẹ̀, àlùfáà kò lè ṣe é fún ara rẹ̀, alágbára kò lè ṣe é fún ara rẹ̀. Ẹni tí a ṣe é fún kì í dúpẹ́. Bí àwọn díẹ̀ bá ṣe é, gbogbo ìlú bọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó ṣe é, gbogbo ìlú jẹbi. Kí ni?"

Bádírù ronú. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ń rí, ọwọ́ tó hunjọ nítorí omi, tó ń ti ilé olókùú bọ̀ tó sì ń gbé àkàrà bọ̀ ọ́ lẹ́nu nígbà tó wà ní kékeré. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́.

"Ìwẹ̀ òkú ni," ó ní. "Ìyá mi ló ń ṣe é fún gbogbo ìlú. Òun ló sì ń kú lọ nílé báyìí, kò sí ẹni tó máa ṣe é fún un."

Àlùjànnú tú àwọn ìbomú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe nítorí àtisín. Ó ń sunkún, imú méje ń dà lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní, "Gbogbo ẹni tó ti dé ibí láti ìgbà àrùn, ààwẹ̀ ni wọ́n ń pè é, ìrun ni wọ́n ń pè é. Máa lọ, ọmọ Ràlíátù. Ṣùgbọ́n bí o bá dé ìlú tó wà níwájú, má sùn níbẹ̀ o."

Ẹ mọ̀ pé a kì í sọ fún ọdẹ pé kó má sùn. Ìlú tó wà níwájú ni Ìlú Adágbé. Ìlú náà mọ́, ó dákẹ́, kò sí ariwo, kò sí eṣinṣin. Olúkúlùkù ló ní mọ́ṣáláṣí tirẹ̀ tí kò tóbi ju ilé adìyẹ lọ, kápẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Dígí kan wà lára ògiri, lèmọ́ọ̀mù kan sì wà nínú dígí náà, ohùn rẹ̀ dùn ju ohùn ẹnikẹ́ni tí Bádírù ti gbọ́ rí. Ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù funfun gbòò na ọ̀pá gígùn sí Bádírù, ó fi ọ̀pá náà kí i káàbọ̀.

"Ẹ wọlé, èyí ṣófo, tiyín ni. Níbí, kò sí ẹni tó ń gbé bàtà ẹlòmíràn lọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Kò sí ẹni tó ń wúkọ́ sí ni lọ́rùn. Kò sí ìjà lórí ta ni lèmọ́ọ̀mù, olúkúlùkù ló ní tirẹ̀."

Bádírù wọlé, ó jókòó. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹ̀wẹ̀, nǹkan náà dùn mọ́ ọn. Ó fi orí lé kápẹ́ẹ̀tì. Ohùn inú dígí ń kéwú, oorun ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń gbàgbé orúkọ ìlú rẹ̀, ó ń gbàgbé ohun tó wá ṣe. Ó fi oorun lójú béèrè pé, "Ta ní ń kí aláìsàn níbí?"

"Dígí ni."

"Ta ní ń sọ ọmọ lórúkọ?"

"Dígí náà ni."

"Ta ní ń wẹ òkú?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Ìyẹn kò tíì ṣẹlẹ̀ síbí," ó ní.

Oorun dá lójú Bádírù. Ó yọjú sí mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó forí kanlẹ̀. Aláǹtakùn ti ta okùn láti ẹ̀yìn rẹ̀ dé ògiri. Lèmọ́ọ̀mù inú dígí kábàrá, ó dúró díẹ̀ kí ọkùnrin náà dìde, kò dìde, ó tún kábàrá lọ. Bádírù yọjú sí èyí tó tẹ̀ lé e, bákan náà ni. Yéè! Ẹsẹ̀ ló sọ fún un pé ó tó àkókò. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ṣùgbọ́n ejò pàápàá, bó bá kú, èèrà á wá bá a ṣe é. Ìlú Adágbé kò ní èèrà.

Ó ń sá lọ títí afẹ́fẹ́ fi yí padà. Ó ń gbọ́ òórùn tùràrí àti ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ó gbójú sókè, ó sì rí i pé òun ti dé Ìlú Ọ̀la.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibí ni ẹnu Bádírù máa ń rọ̀ bó bá ń sọ ọ́. Ara àwọn ènìyàn ibẹ̀ fúyẹ́. Bí wọ́n bá dúró níwájú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ á gba ara wọn kọjá, nítorí a kò tíì bí wọn. Ìlà ìrun wọn bẹ̀rẹ̀ níbi ẹsẹ̀ Bádírù, ó lọ títí dé ibi tí ojú ọ̀run ti fẹnu ko ilẹ̀. Dúdú wà níbẹ̀, pupa wà níbẹ̀, àwọn tí èdè wọn ń dún bí omi wà níbẹ̀. Èjìká kan èjìká, ìka ẹsẹ̀ kan ìka ẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn àti mọ́ṣáláṣí jọ ń lo ilẹ̀kùn kan. Dókítà á ti ibẹ̀ bọ́ sórí ìrun, àlùfáà á ti ibẹ̀ lọ jókòó ti aláìsàn. Wọ́n ní ìbomú o, ó rọ̀ sára èèkàn lẹ́nu ọ̀nà. Bí àrùn bá dé, wọn á lò ó. Bó bá lọ, wọn á fi kọ́ padà, wọn á sì tún sún mọ́ra. Inú Bádírù dùn débi pé ẹ̀rín ń pa á, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn aṣọ kan tí wọ́n ta, ó gbọ́ tí omi ń dà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì gbọ́ ohùn àwọn obìnrin. Ó mọ ìró náà. Ó kọ ẹ̀yìn sí aṣọ, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ dákun, ẹ yá mi ní ẹnì kan nínú yín. Ìyá mi ń kú lọ."

Ọ̀dọ́bìnrin kan jáde sí i. Mọ́rínátù lorúkọ rẹ̀. "Bàbá, a kò tíì bí wa," ó ní. "Ọwọ́ tí a kò tíì bí, báwo ló ṣe fẹ́ gbé omi ní ilé yín?" Ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú. Ní àkókò kan ọwọ́ náà pé pérépéré. Nígbà tó yá, ewé igi ló ń hàn ní ibi tó yẹ kí ìka wà. "Bó ṣe ń ṣe wá nìyẹn. Ó ń wà, ó ń pòórá. Ìyá àwọn ìyá wa ló kọ́ wọn ní iṣẹ́ yìí lẹ́yìn àrùn, nígbà tó fẹ́ parẹ́ láyé. Obìnrin náà kò tíì gbà. Òun là ń dúró dè."

"Ta ni obìnrin náà? Ìlú wo ló wà? Èmi á lọ gbé e wá, bó bá wà lẹ́nu kìnnìún!"

"Òkè-Ìyeyè ni. Sùwébátù ìyàwó ọdẹ."

Bádírù dúró bí igi. Ó ní, "Kí ni kí n wí fún un?"

"A kò mọ̀," Mọ́rínátù ní. "Ẹ̀yin lẹ ń bá a gbé."

Bó ṣe padà délé, ẹ má bi mí. Ọ̀nà àbọ̀ kì í jìn lójú ẹni tí ojú ń tì. Àlùjànnú kò bi í léèrè ohunkóhun, Ìlú Adágbé kò sì sí lójú ọ̀nà mọ́. Ó bá ìyá rẹ̀ láàyè. Ó bá Sùwébátù nídìí garawa, tó ń fọwọ́.

"Ìyá Kúbúrá," ó ní.

Ọwọ́ Sùwébátù dúró nínú omi. Kúbúrá ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Àrùn ló mú un. Àwọn aláṣọ funfun ló sin ín, tọkọtaya náà dúró lẹ́yìn okùn, láti ọjọ́ yẹn wọn kò sì dárúkọ ọmọ náà láàárín ara wọn mọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́; ti àwọn méjèèjì ti dákẹ́ tipẹ́. Bádírù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ròyìn ohun gbogbo fún un, kò yọ ọ̀kan kúrò.

Sùwébátù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni inú bí i.

"Ẹ gba ọ̀dọ̀ àlùjànnú kọjá, ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí a kò tíì bí, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mi? Ṣé yàrá mi jìn tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni, ẹ̀yin ọdẹ?"

"Pé a ó sọ̀rọ̀ ọmọ wa."

Sùwébátù gbé ọwọ́ kúrò nínú omi, ó ń wò ó. "Bùtá wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà," ó ní. "Ẹ kò rí i. Mo ti bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú rẹ̀. Mo ní bí wọ́n bá jẹ́ kí n kàn fọ ojú rẹ̀. Wọn kò jẹ́. Wọ́n ní àrùn ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ, mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi yẹn kò tíì kúrò lọ́wọ́ mi títí di òní." Ó bú sẹ́kún. Bádírù náà bú sẹ́kún. Wọ́n sunkún ọmọ wọn níjọ́ náà bí ẹni pé àárọ̀ yẹn ló kú.

Nígbà tí wọ́n sunkún tán, Sùwébátù nu ojú, ó dìde, ó wọ yàrá ìyá ọkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kó lọ.

"Ṣé ìwọ nìyẹn?" Ràlíátù ní. "O pẹ́ o. Jókòó síbí, mú ọwọ́ wá. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wàá lò, má fi omi tútù pa mí lẹ́ẹ̀kejì. Apá ọ̀tún ni wàá ti bẹ̀rẹ̀. Má jẹ́ kí aṣọ kúrò níhòòhò mi. Ohunkóhun tó o bá rí lára mi, inú rẹ ni kó kú sí, títí kan ìdí tó ti fẹ́lẹ́ yìí." Sùwébátù bú sẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Ó fọwọ́ kan èjìká ìyá, kò sì gbé e kúrò. Àwọn obìnrin aládùúgbò gbọ́ ẹ̀rín nínú ilé aláìsàn, ó yà wọ́n lẹ́nu. Ọ̀kan yọjú lójú fèrèsé, òmíràn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyá sì ń pè wọ́n wọlé lórúkọ, ó ń bú wọn, ó ń kọ́ wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ràlíátù wí kàlímọ́ṣàhádà, ó dákẹ́. Sùwébátù gbé bùtá, ó wọlé, àwọn obìnrin tẹ̀ lé e, ilẹ̀kùn sì padé. Bádírù tí kò sí igbó tí kì í wọ̀, kò lè rékọjá ẹnu ọ̀nà yẹn. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń gbọ́ tí omi ń dà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ tó ń sọ pé, "Apá ọ̀tún kọ́kọ́. Ẹ rọra o, ìyá wa ni."

Nígbà tó ṣe, Sùwébátù ṣílẹ̀kùn, ó kojú sí àwọn ọkùnrin tí wọ́n wá, tí olúkúlùkù dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àgbàlá. "Ẹ wá gbé e," ó ní. "Ìyá ti mọ́."

Bádírù di igi ibùsùn òkú náà mú níwájú. Kò gbéra. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ó wo ẹ̀yìn. Lèmọ́ọ̀mù Yésúfù di apá kejì mú. Lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù wá, ní mẹ́ta, ní mẹ́rin, tí àwọn tó wà lẹ́yìn ń na ọwọ́ láti gba èjìká àwọn tó wà níwájú kọjá kí wọ́n lè kan igi náà. Ọ̀nà sàréè tóóró. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè bá wọn gbé ìyá kó sì jìnnà sí ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ mímí ara wọn, wọ́n ń gbọ́ òórùn òógùn ara wọn. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ tí wọ́n tò láti kírun sí i lára, kò sí ẹni tó sún sẹ́yìn. Èjìká Bádírù tutù. Kò mọ̀ bóyá omijé òun ni tàbí ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, kò sì béèrè.

Ibi tó bá a dé fún mi nìyẹn, ibẹ̀ ni mo bá a dé fún yín. Oòrùn ti ń wọ̀, Màgàríbì kù díẹ̀. Ẹ dìde, kí ẹnì kan bọ́ sí ọ̀tún mi, kí ẹnì kan bọ́ sí òsì mi, kí ẹ fún mi léjìká. Orúnkún àgbà ọdẹ kò gbọ́ràn mọ́.